Ohun tí Àǹtí Ní Ó Sọ Nù

Òórùn ẹ̀wà tó jóná ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún tí mo dé Ìgbó Ẹfọ̀n. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkirè dé láti wá máa dáná, kí n sì máa tọ́jú ilé fún tọkọtaya kan. Ìyàwó ń ṣiṣẹ́ báńkì. Òun ni mò ń pè ní Àǹtí. Ọkọ wọn, tí mò ń pè ní Bùọ̀dá, ń ṣiṣẹ́ lọ́nà Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sì máa ń wálé. Kí wọ́n tó gbà mí, wọ́n béèrè bóyá mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo kúkú ní ìwé kan tí mo kọ Gẹ̀ẹ́sì sí lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ kan, bí tíṣà wa ṣe kọ́ wa. Lójú tèmi, mo ti ká èdè òyìnbó mọ́lé.

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, Àǹtí gbé ẹ̀wà kaná, wọ́n fẹ́ lọ wẹ̀, wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, bá mi watch ẹ̀wà yẹn." Mo mọ "watch" bí ẹni mowó: kéèyàn máa wo nǹkan ni. Mo fa àpótí sún mọ́ sítóòfù, mo jókòó, mo ń wò ó. Mo wò ó títí omi rẹ̀ fi gbẹ. Mo wò ó títí èéfín fi sọ. Nígbà tí Àǹtí sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú, mo fọwọ́ sọ̀yà fún wọn pé mi ò gbójú kúrò lára ẹ̀wà náà rárá.

Ẹ̀rín ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà rín. Mo wá ń ráhùn pé Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe é fọkàn tán, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á máa wọ ẹ̀wù mẹ́ta. Wọ́n ní, "Àwa náà ńkọ́? À ń jẹ iṣu, à ń jẹ oyè, à ń jẹ ìyà. Èwo nínú wọn lo máa ń fi eyín rún?" Mo kàn lọ ń ha ìdí ìkòkò.

Àǹtí ṣènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ilé náà ń bà mí. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ti sọ fún mi pé ẹ̀gbà ọrùn wúrà kan ló sọ nù tí wọ́n fi lé ọmọbìnrin tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi lọ. Ó ní ọmọ náà sunkún títí dé ojú títì, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Látìgbà náà, bí mo bá fẹ́ gbá yàrá wọn, ń ṣe ni mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí gbogbo ayé lè rí ọwọ́ mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, takisí gbé Àǹtí wálé nígbà tó yẹ kí wọ́n ṣì wà níbi iṣẹ́. Mo kí wọn, wọ́n kàn kọjá lára mi. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, wọ́n tẹ Bùọ̀dá láago. Mo wà ní kíṣìnì, mo gbọ́ tí wọ́n ní, "I lost it." Wọ́n tún ní, "I lost it again."

"Lost" wà nínú ìwé mi: ó sọ nù. Wọ́n sì ní "again", a jẹ́ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Kí n má baà di ẹni tí wọ́n máa lé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí mi ò mọ̀. Mo wá inú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo da gbogbo ìdọ̀tí ilé sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo ń fi ọwọ́ tú u. Nígbà tí mi ò rí nǹkan kan, mo gbé àpò mi láti yàrá, mo kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí, mo da gbogbo ẹrù mi sílẹ̀: síkẹ́ẹ̀tì méjì, ìyarun, ìwé mi.

"Àǹtí, ẹ dákun, mi ò mú un. Ẹ tú ẹrù mi wò. Kí ló sọ nù gan-an, kí n lè bá yín wá a?"

Wọ́n wò mí, wọ́n wo síkẹ́ẹ̀tì mi nílẹ̀.

"Oyún ni," ni wọ́n wí. "Oyún oṣù mẹ́ta ni. Ó ti bàjẹ́. Ìkẹta rèé."

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lóyún. Mi ò mọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń tu irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú, ohun tí ìyá àgbà mi máa ń sọ fún àwọn obìnrin àdúgbò wa nìkan ló wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Àǹtí, omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ìgbà yẹn ni ẹkún tí wọ́n ti ń gbé mì láti ọsibítù bú jáde. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tó ṣì ń rùn fún ìdọ̀tí, wọn ò sì jù ú sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí mo po ògì gbígbóná fún wọn, wọ́n béèrè ìdí tí mo fi rò pé wọ́n lè pè mí lólè. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu bàbá tó ń ṣọ́ géètì. Wọ́n tẹjú mọ́ ògì náà. "A rí ẹ̀gbà yẹn lẹ́yìn oṣù kan, nínú àpò kóòtù Bùọ̀dá rẹ. Mo wá ọmọ náà kiri láti bẹ̀ ẹ́. Mi ò rí i mọ́."

Látọjọ́ náà, àwa méjèèjì jọ ń jókòó ti ìwé mi ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n máa fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, torí ìtumọ̀ mìíràn ń bọ̀ lọ́nà. Síbẹ̀, ẹni tó ń kọ́ ìlù kì í yé ṣì í lù. Lọ́dún kejì, òjò ṣú, Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn wọn lọ sílẹ̀: "Màmá, I've taken in." Mo sáré jáde. "Rárá mà, aṣọ ṣì wà lórí okùn, mi ò tíì kó wọn wọlé!" Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí ní Yorùbá pé àwọn ti lóyún. Òjò pa gbogbo aṣọ náà, kò sẹ́ni tó bá mi wí.

Oyún náà dúró. Ọmọbìnrin ni wọ́n bí, èmi ni mo sì kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ nílé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, Àǹtí ní kì í ṣe ìdí ààrò ni kí n dàgbà sí, wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán ní Ajah.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí ní Awóyáyá. Gẹ̀ẹ́sì mi ti já gaara, síbẹ̀ mo mọ̀ pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni mi ò gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ká ní mo wo Àǹtí kí n tó lọ da ìdọ̀tí sílẹ̀, ǹ bá ti mọ̀ pé ohun tó ṣe wọ́n ju nǹkan tó sọ nù lọ. Àwọn àgbà ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí obìnrin bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, tí mo béèrè àlàáfíà, tó ní "I'm fine", mo máa ń gbé àga fún un ná. Mo máa ń wo ojú rẹ̀ dáadáa kí n tó fa téèpù yọ.