Bí Wáyà Kan Ṣe Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí níbi iṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ náà ti há mi lọ́fun. Wáyà kan ṣoṣo ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n ní Houston yìí. Èmi tí mo pe ara mi ní ẹnjiníà network, mo kàn ń wòran ni.

Plant tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́míkà ní La Porte ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Operator ni Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé níbẹ̀, wọ́n máa ń jókòó sí control room, wọ́n á máa ṣọ́ screen kí tánkì kankan má baà gbóná jù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, tí mo kúnlẹ̀ kí wọn, ńṣe ni àwọn òyìnbó rò pé nǹkan mi ló jábọ́ tí mò ń wá! Ẹ̀gbọ́n ní mo ti di àbúrò àwọn nìyẹn. Kò pẹ́ mọ́ tí wọn ì bá fẹ̀yìntì; owó tí wọ́n fẹ́ fi parí ilé wọn ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ń dúró gbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní plant ló ní wáyà tirẹ̀. Ní báyìí, Ethernet la ń lò, irú èyí tó ń gbé internet wọ ọ́fíìsì yín gan-an. Inú àpótí kékeré kan tó ń jẹ́ switch ni gbogbo ẹ̀rọ ń gbà sọ̀rọ̀. Ó yá, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn bá dí ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n kórìíra wúruwùru. Ẹ fi ife sílẹ̀ lórí tábìlì wọn, ẹ máa gbọ́ ọ! Lọ́sàn-án Saturday kan, àwọn tó wá fi ẹ̀rọ tuntun síbẹ̀ gbàgbé wáyà kan. Ẹnu rẹ̀ kan wà nínú switch, ìkejì ń fì dirodiro. Ẹ̀gbọ́n rí ihò kan tó ṣófo lára switch kan náà, wọ́n sì ki wáyà náà bọ̀ ọ́ kí ibẹ̀ lè mọ́. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí wáyà bá jáde lára switch tó tún padà wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀rọ ń sọ á máa yípo, á máa pọ̀ sí i, títí ọ̀nà á fi dí bíi freeway nígbà tí gbogbo ayé ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ohun tó lè dá a dúró wà nínú switch wa, ṣùgbọ́n wọn ò tan án. Mo ti ní kí n tan án, àwọn ọ̀gá ní kí n má fọwọ́ kàn án títí di ìgbà àtúnṣe. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo kàn rí i pé temperature tánkì ńlá kan ò yí padà rárá. Nǹkan gbígbóná wo ló ń dúró sójú kan bẹ́ẹ̀? Àṣé screen ti kú, nọ́ńbà àtẹ̀yìnwá ló ṣì ń fi hàn wá! Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún, nǹkan kan ò dáhùn. A ò mọ̀ bóyá omi tó ń mú tánkì náà tutù ṣì ń ṣàn. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ẹ̀gbọ́n ti dé helmet. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ.

"Fúnmi, tí mi ò bá lọ, ta ló máa lọ?"

Wọ́n lọ sídìí tánkì náà, wọ́n fọwọ́ ṣí omi. Èmi ń tọ wáyà kiri lára switch. Nígbà tí mo fa èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ yọ, screen jí, nọ́ńbà náà sì ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ omi tí ẹ̀gbọ́n ṣí, ó ti ń rọlẹ̀. Wọ́n wọlé, aṣọ wọn rin fún òógùn. Wọ́n rí wáyà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Àbúrò, èmi ni mo ki í bọ̀ ọ́ o."

Lọ́jọ́ Monday, wọ́n pè wá sí mítìnì. Manager bèèrè bóyá ẹnì kan ti kìlọ̀ fún àwọn operator pé kí wọ́n má fọwọ́ kan wáyà. Ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó kìlọ̀. Èmi ni mo sì ń tọ́jú network, ọrùn mi ló ń bọ̀. Kí n tó lanu, ẹ̀gbọ́n ti dáhùn pé mo kìlọ̀ fún àwọn, àìmọye ìgbà, àwọn ni àwọn ò gbọ́.

Irọ́ ni! Mo ní rárá, mi ò sọ nǹkan kan fún wọn rí. Ẹ̀gbọ́n fojú bá mi wí, irú ojú tí bàbá ẹni máa ń ṣẹ́ síni tí àlejò bá wà nílé. Mo tún sọ ọ́. Manager rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ pé àwa ọmọ Nàìjíríà máa ń gbèjà ara wa. Bí mo ṣe ń sọ òótọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rò pé irọ́ ni mò ń pa láti gba ẹ̀gbọ́n là! Wọ́n lé ẹ̀gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Mo lọ bá wọn nílé, ẹkún ni mo bú sí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

"Èmi ti di ọmọ ìlú yìí, Fúnmi. Ìwọ ńkọ́? Iṣẹ́ yẹn ni visa ẹ dúró lé. Tí wọ́n bá lé ẹ, ibo lo fẹ́ kó àwọn ọmọ ẹ gbà? Ilé Abẹ́òkúta ò ní sá lọ."

Géètì apartment kan ní Greenspoint ni wọ́n ń ṣọ́ báyìí, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn.

Ohun tí mo ní kí n tàn yẹn, àwọn ọ̀gá ti ní kí n tan án báyìí o, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n lọ tán! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, ẹ dí ihò tó bá ṣófo, ẹ sì fẹnu yín kìlọ̀ fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ. Ẹ má rò pé wọ́n mọ̀.

Ṣé ẹnì kan ti gba ẹ̀bi yín rù rí, tẹ́ ẹ pariwo, tẹ́nikẹ́ni ò gbà yín gbọ́? Báwo lẹ ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, torí èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun kí n tó máa lọ síbi iṣẹ́.