Òrùka Ẹsẹ̀ Abilékọ

Bí ẹ bá fẹ́ kí àbúrò mi bá yín jà, ẹ sọ fún un pé ẹyẹ kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ lè pè é ní kúkúrú, á rẹ́rìn-ín. Ẹ lè sọ pé aṣọ tó rán fún yín ń há yín lọ́rùn, á wò yín láti òkè délẹ̀, á sì gbà á lọ́wọ́ yín tún ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ nìkan ni kì í gbà.

Yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn la ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélógún. Èmi ń lọ aṣọ, òun ń rán èyí tó bá ya: aṣọ ibùsùn, aṣọ nọ́ọ̀sì, àpò ìrọ̀rí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, ó ní iná mànàmáná ò jẹ́ kí òun rí ojú abẹ́rẹ́. Irọ́ ni, ojú ọ̀run ló fẹ́ máa wò. Tí oṣù tí àwọn ẹyẹ àkọ̀ ń dé bá ti ń súnmọ́, ẹ̀rọ náà á kàn dákẹ́ lójijì, mo sì mọ̀ pé ó ti tún gbójú sókè nìyẹn. Mo pariwo mọ́ ọn títí ó fi sú mi.

Káfíńtà ló kó o sínú ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Ọkọ rẹ̀ ni Káfíńtà; bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló fi pákó kọ́ ibi ìwòran tó wà létí irà lẹ́yìn ìlú: àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún, òrùlé páànù, àga gbọọrọ kan, àti òpó irin tí wọ́n gbé awò ńlá lé, èyí tí ń fa ohun tó jìnnà wá síwájú ojú. Nígbà tó parí iṣẹ́, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ wò ó. Àwọn àkọ̀ wà nínú omi lọ́jọ́ náà, funfun báláú, ẹlẹ́sẹ̀ pupa, wọ́n ti ọ̀nà jíjìn sá òtútù wá. Àbúrò mi fi ojú sí awò, ó di ìgbà tí ọrùn ń dùn ún kó tó gbé e kúrò.

Ọ̀kan nínú wọn wọ òrùka aláwọ̀ ewé lẹ́sẹ̀ òsì. Àwọn tó ń ṣèwádìí ẹyẹ ló fi sí i, wọ́n sì kọ 417 sí i lára. Káfíńtà ní, "Ẹni tó wọ òrùka, ó ti nílé ọkọ nìyẹn." Bó ṣe sọ ọ́ ní Abilékọ nìyẹn. Abilékọ dé lọ́dún kejì, ó dé lọ́dún kẹta. Ọdún méje gbáko ni àbúrò mi fi ń rí òrùka yẹn. Òun àti Káfíńtà ò bímọ. Wọ́n gbìyànjú, kò bọ́ sí i. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: mo rò pé ohun tó jẹ́ kó fẹ́ràn ẹyẹ náà tó bẹ́ẹ̀ ni pé ó ń lọ, ó sì ń padà wá bá a.

Ìgbà tó yá, ojú Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní kò sí àtúnṣe. Ó di ẹni tó ń fi ìka wá ìṣó lórí pákó. Lọ́dún tó kẹ́yìn tó ṣì ń ríran díẹ̀, ó dá lọ tún àtẹ̀gùn ibi ìwòran ṣe kí àwọn ẹyẹ tó pé. Ó padà délé, ó ní orí ń fọ́ òun, ó sùn láìjẹun. A ò kà á sí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́ta jọ lọ. A mú Káfíńtà lọ́wọ́ gòkè, ó jókòó sórí àga tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

"Wò ó fún mi," ó ní. "Ṣé Abilékọ ti dé?"

Àbúrò mi fi ojú sí awò títí.

"Ó ti dé o!"

"Ẹsẹ̀ wo ni òrùka rẹ̀ wà?"

"Òsì ni, ọkọ mi. Ó ń dán gbinrin."

Káfíńtà mi orí díẹ̀díẹ̀. "O ṣeun," ó ní.

Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, mo fi ojú sí awò. Mo wo ẹsẹ̀ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí òrùka kankan.

Nígbà tí a délé, mo fa àbúrò mi sí ilé ìdáná. "Ẹyẹ wo lo rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò rí ojú ẹ̀ ni? Ohun tó kù tó ń retí nìyẹn."

"Tó bá wá mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló máa sọ fún un? Ṣé ẹ̀yin ni?"

Mo pa ẹnu mi mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ọdún mẹ́rin ló fi ń pa irọ́ yẹn. Ó fún Abilékọ lọ́kọ. Ó ní ó ń tiro lọ́dún kan, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san lọ́dún kejì. Káfíńtà á rẹ́rìn-ín, á tún béèrè ẹsẹ̀ tí òrùka wà, á sì ní, "O ṣeun." Inú ń bí mi, àánú wọn sì ń ṣe mí.

Àìsàn àyà ló dá Káfíńtà dùbúlẹ̀. Ilé ìwòsàn wa ni wọ́n gbé e wá, orí aṣọ ibùsùn tí èmi lọ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó fi ìka wá ojú ibi tí wọ́n ti rán an. "Ọwọ́ rẹ nìyí," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó ní, "Ṣé ó ti dé lọ́dún yìí?"

"Ó ti dé, ọkọ mi."

"O ṣeun."

Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ.

Láti ọjọ́ náà, àbúrò mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ irà mọ́. Ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí ògiri. Kò jẹun dáadáa, kò sùn dáadáa, ohun kan náà ló ń tún sọ: "Irọ́ ni mo fi sìn ín lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó gba ojú mi gbọ́. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo bá a sọ." Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a wí, mo bú u pàápàá. Kò gbọ́.

Lóṣù kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀, a lọ kó irinṣẹ́ Káfíńtà jọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Agolo tó ń kó pẹ́ńsù sí wà nísàlẹ̀ àpótí. Àbúrò mi ṣí i. Ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ègé aṣọ wé. Òrùka aláwọ̀ ewé ni, wọ́n ti fi ayùn kékeré rẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹrẹ̀ ti gbẹ sínú rẹ̀. 417.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rántí. "Ọjọ́ tó lọ tún àtẹ̀gùn ṣe," mo ní. "Ọjọ́ tí orí ń fọ́ ọ. Òkú Abilékọ ló rí."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó mọ̀. Ọdún mẹ́rin, ó mọ̀, ó sì ń bi mí ẹsẹ̀ tí òrùka wà."

Mo rò pé ara máa tù ú. Òmùgọ̀ ni mí, mo tiẹ̀ sọ ọ́ jáde: "Ṣé o rí i báyìí? O ò tàn án jẹ." Ló bá bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí a sin ọkọ rẹ̀.

"Torí tèmi ló ṣe fi í pa mọ́. Ó dá gbé ẹrù yẹn, èmi náà dá gbé e. Àga kan náà la jọ jókòó lé, ẹ̀gbọ́n mi!"

Ní Sátidé, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ. Àwọn àkọ̀ ṣì kù nínú omi. Mo fẹ́ jókòó síbi tí Káfíńtà máa ń jókòó, ó ní, "Ẹ sún síwájú díẹ̀." Mo sún. Ó fi ojú sí awò, ó wò ó títí, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, òrùka náà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Mọ́kàndínlógún ni wọ́n, ọkọ mi," ó ní. "Abilékọ ò sí níbẹ̀."

Kò gbé ojú kúrò nínú awò, ó ń dúró de "O ṣeun." Mo fẹ́ sọ ọ́ dípò Káfíńtà. Ẹnu mi yìí, tí kì í sinmi, kò lè gbé e jáde.