Kóòdù Mẹ́tàdínláàádọ́ta

Bàbá Kóòdù ni gbogbo wa ń pè é. Mẹkáníìkì ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ariwo ẹ́ńjìnnì sì ti di etí rẹ̀ ọ̀tún, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ńlá kan bá ń ṣàìsàn, òun ni wọ́n ń wá. Ẹ̀rọ awalẹ̀ òde òní kì í kàn dákú bẹ́ẹ̀. Á kọ nọ́ńbà sójú gíláàsì kékeré kan, bíi ti fóònù, tó wà níwájú dẹ́rẹ́bà. Nọ́ńbà yẹn là ń pè ní kóòdù, òun ló ń sọ ibi tó ń dùn ún. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn á rí kóòdù, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á gba ilé lọ. Bàbá Kóòdù á kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri ṣẹ́ẹ̀dì wa, pẹ̀lú wákàtí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ tì í, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. "Ẹni tó bá pa kóòdù rẹ́ láìwádìí," á ní, "ẹlẹ́rìí ló pa."

Èmi ni jórinjórin ṣẹ́ẹ̀dì náà. Obìnrin ni mí, ẹ má yanu; iná ò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá bàbá yìí ṣiṣẹ́, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ó lágídí, ó sì mọ ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, nítorí náà òwú pupa kì í wọ́n lápò rẹ̀. Tí àwọn yòókù bá so wáyà pọ̀, téèpù nìkan ni wọ́n ń wé e. Òun á kọ́kọ́ fi òwú pupa dì í, kókó mẹ́ta, kó tó wé téèpù lé e. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń bi í pé ṣé ẹ̀wù ló ń rán fún ẹ̀rọ ni.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá tó ni ibi ìfọ́kùúta ní kí á jí ẹ̀rọ awalẹ̀ kan tó ti wà lábẹ́ tapólì fún ọdún méjì. Ẹ̀rọ tó pa Asúfèé ni. Dẹ́rẹ́bà ni Asúfèé, kì í ṣiṣẹ́ kó má súfèé. Ọ̀pá pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga dẹ́rẹ́bà: tí o bá fẹ́ dìde, wàá gbé e sókè, apá ẹ̀rọ kò sì ní lè mira mọ́. Lọ́jọ́ tó kú, Asúfèé yọrí síta láti nu gíláàsì fèrèsé iwájú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan ọ̀pá ìdarí, apá ẹ̀rọ sì já lé e lórí. Àwọn tó wá wádìí ní kò gbé ọ̀pá pupa sókè, pé àìbìkítà rẹ̀ ló pa á. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe kà á fún ìyàwó rẹ̀ nìyẹn.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ni yóò máa wa ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ Ajé.

Bàbá Kóòdù so bátìrì tuntun, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kóòdù mẹ́tàdínláàádọ́ta yọ. Gbogbo wa ló mọ ìyẹn: ọ̀pá pupa ló ń ṣàìsàn. Bàbá wò ó, kò mú ṣọ́ọ̀kì. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó pa á rẹ́. Ẹnu yà mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tún yọ. Ó tún pa á rẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó yọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí oòrùn tó kàn wá lórí, ni mo bá mú ṣọ́ọ̀kì fúnra mi. Mo kọ kóòdù, mo kọ wákàtí tí ẹ̀rọ kọ tì í: 6214. Èyí tó tẹ̀lé e: 6214. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, aago tó ń ka wákàtí ẹ́ńjìnnì ti wà ní 6220, nítorí a ti ń dán an wò láti Ọjọ́bọ̀. 6214 ni a bá lójú aago nígbà tí a ṣí tapólì. Ibẹ̀ ló dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì láti fa Asúfèé yọ.

Oòrùn ń mú ganrínganrín, òógùn ń bọ́ lójú mi, síbẹ̀ ara mi ń tutù. Afẹ́fẹ́ gba inú páìpù ọ́ìlì kan tí a kò tíì dí, ó ń dún fíì, fíì. Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Àbúrò mi náà ní afẹ́fẹ́ ni. Bàbá Kóòdù lọ fi àkísà dí páìpù náà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn náà tó dákẹ́.

Ohun mìíràn tún ń bí mi nínú. Ọkùnrin yìí ti tú pọ́ǹpù, ó ti tọ wáyà láti iwájú dé ẹ̀yìn, àfi abẹ́ rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ àga. Ibi tí wáyà ọ̀pá pupa gbà gan-an ni kò fọwọ́ kàn.

"Bàbá, ẹ ò tíì wo abẹ́ àga."

"Kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Ẹ ò wò ó, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Jórinjórin, lọ jó irin rẹ."

Mo gbaná jẹ. "Ọmọ ìyá mi ló máa jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé o! Tí kò bá sí nǹkan, ẹ jẹ́ kó gbé ọ̀pá sókè báyìí, kó yọrí síta bí Asúfèé ṣe yọ ọ́!"

Àbúrò mi kì í mọ ìgbà tí mo bá ń bínú sọ̀rọ̀ lásán. Ó ti gun ẹ̀rọ náà. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó gbé ọ̀pá pupa sókè, mẹ́tàdínláàádọ́ta tàn lójú gíláàsì, ó sì na orí síta.

"Sọ̀ kalẹ̀!" Mi ò gbọ́ kí bàbá yẹn pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Ó sáré gùn ún, ó fa àbúrò mi ní bẹ́líìtì sẹ́yìn. Bí àbúrò mi ṣe ń ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ gbá ọ̀pá ìdarí. Apá ẹ̀rọ já wálẹ̀ gbìì, síbi tí orí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Bàbá Kóòdù pa ẹ́ńjìnnì, ó ká rọ́bà abẹ́ àga, ó sì yẹra kí n lè rí i. Wáyà méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n so wọ́n pọ̀ kí ẹ̀rọ lè máa rò pé ọ̀pá wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Téèpù ti ṣí lára wọn. Òwú pupa, kókó mẹ́ta.

"Súìṣì ọ̀pá náà ló bàjẹ́," ó ní. "Kóòdù yẹn ò jẹ́ kí wọ́n ráyè ṣiṣẹ́, ọ̀gá ń pariwo. Mo ní kí n so ó di ọjọ́ Ẹtì péré, títí súìṣì tuntun á fi dé. Ó dé. Inú àpò mi ló wà lọ́jọ́ tí Asúfèé kú."

"Ẹ sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́." Ó tọ́ka sí òwú náà. "Ṣùgbọ́n wáyà tí mo so yìí ti dí ẹ̀rọ yẹn lẹ́nu. Kò yẹ kó lè sọ kóòdù yẹn mọ́. Kò yẹ, jórinjórin. Ta ló ń sọ ọ́?"

Inú rẹ̀ ń bí mi, àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ẹ̀rù sì ń bà mí lórí méjèèjì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tiwa ò ju ọdún méjì lọ.

Ó gé òwú náà. Ó mú súìṣì jáde láti ìsàlẹ̀ àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá. Ó fi í síbi tó yẹ, ó yí kọ́kọ́rọ́, ojú gíláàsì sì mọ́ tónítóní. Nígbà náà ló tó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ 6214.

Ní ìrọ̀lẹ́ a jọ lọ sílé ìyàwó Asúfèé. Ó ń lọ aṣọ iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá Kóòdù kọ àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé òwú pupa náà sórí tábìlì, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà ò sunkún, kò ṣépè. Ó fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ kúrò lára ògiri.

"Ṣé ó gbé ọ̀pá yẹn sókè?"

"Ó gbé e sókè, ìyàwó wa."

Ó lọ síbi ilẹ̀kùn yàrá, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ó ní kí wọ́n jókòó. Ó wá yíjú sí Bàbá Kóòdù.

"Ẹ tún un sọ," ó ní. "Láti ìbẹ̀rẹ̀."