Òwú Tó Wọn Ojú Ọ̀run

Mo rántí èékánná òyìnbó náà ju ojú rẹ̀ lọ, nítorí òun ló fi tẹ òwú mọ́ orí ìwé àwòrán ilẹ̀ lábẹ́ igi òrí, lẹ́bàá ibi tí àwa amọ̀kòkò ti ń wa amọ̀ lẹ́yìn ìlú Ìlọrin. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé kò sẹ́ni tó lè tàn mí jẹ. Ògbufọ̀ rẹ̀ ní ọkọ̀ tó ń fò lófuurufú ń bọ̀, pé wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe jìnnà tó láti pápá tí yóò ti gbéra ní Kàdúná dé èyí tí yóò bà sí lọ́dọ̀ wa. Òyìnbó na òwú láàárín àmì méjì, ó gbé e lé igi ìwọ̀n, ó ní igba máìlì ó lé díẹ̀ ni. Òwú tí kò gùn ju ìka mi lọ! Ogún ọjọ́ gbáko ni bàbá mi, tó máa ń ru obì lọ sókè, fi ń rin ọ̀nà yẹn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá jẹ́ ojú ọ̀run lẹ ń wọ̀n, kí ni èèkàn tí ẹ rì mọ́lẹ̀ ń ṣe lórí ilẹ̀ wa?"

Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣé ẹyẹ kì í bà ni?"

Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù. Èèkàn ti yí kòtò amọ̀ wa ká. Bí wọ́n bá gba ibẹ̀, ọ̀nà oúnjẹ wa dí nìyẹn. Àbúrò ọkọ mi sì wà lára àwọn tó ń fa ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń wọnlẹ̀. Ta ni ìbá fi ibẹ̀ han òyìnbó bí kò ṣe òun? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo sọ ọ́ fún àwọn obìnrin yòókù, wọ́n gbà. Bó bá kí wa, a ò dáhùn. N kò bu oúnjẹ fún un mọ́.

Ó ní, "Ìyàwó mi, kí ni mo ṣe?"

Mo ní, "Ẹ lọ bi òyìnbó yín."

Ó wò mí, ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a kó ọkọ́, a lọ hú èèkàn náà. A ò bá ẹyọ kan. Wọ́n ti kó wọn lọ sórí ilẹ̀ yangí ní òdìkejì odò, níbi tí iṣu kì í ta. A rò pé ọgbọ́n mìíràn ni, la bá lọ ká ògbufọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹnu yà á. "Ṣé ọkọ yín tó ń fa ẹ̀wọ̀n ò sọ fún yín ni? Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń bẹ òyìnbó pé omi máa ń kún kòtò yẹn, pé ọkọ̀ á rì síbẹ̀. Wọ́n tún òwú nà, ìwọ̀n ò yàtọ̀, ni wọ́n bá gbà fún un."

Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò ọkọ mi lójú gbogbo ilé. Ó ní kí n dìde, pé kí Ọlọ́run foríjì wá. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó bá àwọn awọnlẹ̀ lọ, kò sì padà wá gbé lọ́dọ̀ wa mọ́.

Mo ti darúgbó báyìí. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, n kò sì ní pè é nírọ́. Ilẹ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn tí kò fura kò kéré. Ṣùgbọ́n mo bi ògbufọ̀, mo gbé ọ̀rọ̀ náà ká ojúlé dé ojúlé. Ẹni tó ń sùn nínú agboolé wa ni n kò bi léèrè.