Bí Èémí Àǹtí Ṣe Há Lóde Orin

Oyún àkọ́bí mi ti yọ dáadáa nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ní Ìkọ̀lé. Tíṣà ni n'Íbàdàn. Gbàrà tó gbé báàgì kalẹ̀ ló ní òun fẹ́ rí ilé olóògbé tó kọ ìwé ìtàn tí wọ́n kà ní ìwé mẹ́fà, òun sì fẹ́ jó. Ọkọ mi wà ní Adó, nítorí náà èmi ni mo mú un jáde lọ́jọ́ Sátidé.

Opó òǹkọ̀wé náà nìkan ló kù nínú ilé. Ó fi tábìlì tí bàbá fi ń kọ̀wé hàn wá, àti ògiri tí èéfín àtùpà ti sọ di dúdú. Àǹtí tú báàgì rẹ̀ sórí tábìlì níbi tó ti ń wá gíláàsì ojú rẹ̀, ó jókòó lórí àga bàbá, ó ka ojú ìwé kan sókè. Omi bọ́ lójú ìyá náà.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí ẹgbẹ́ olórin kan láti Adó ti ń kọ háíláìfù. Èéfín súyà àti eruku ọyẹ́ gba gbogbo àgbàlá. Àǹtí jó, ó jó, lójijì ó di àyà mú. Ikọ́ fée ni. Mo tú báàgì rẹ̀: kò sí ẹ̀rọ kékeré tó máa ń fín sẹ́nu.

"Tábìlì," ló sọ. Kò lè sọ èkejì.

Epo bẹntiróòlù wọ́n lásìkò yẹn. Bọ́ọ̀sì àwọn olórin ti lọ tò fún epo, kò sí ọkọ̀ kankan nínú ọgbà. Ọkùnrin tó ń fọn fèrè gbé e jókòó. "Ìyàwó, ẹ sáré," ló wí, "a ó dì í mú."

Mo gun ọ̀kadà. Iná ìjọba ti lọ, iná ọ̀kadà náà ń kú, ó ń tàn. Ọmọ inú mi ń ta, mo sì ń ro ohun tí n ó sọ fún ọkọ mi.

Bí mo ṣe kan ilẹ̀kùn, àtùpà inú ilé kú pìn-ín.

"Yèsí nìyẹn?"

"Màmá, èmi ni, ìyàwó tó wá nírọ̀lẹ́. Àǹtí mi ń kú lọ! Ó gbàgbé ẹ̀rọ tó ń fín sẹ́nu sórí tábìlì bàbá!"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin kan ṣe sunkún lẹ́nu ọ̀nà ulé kan l'Ọ́tùn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Olè ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Máa lọ!"

Mo bú sẹ́kún. Ìyá wá béèrè pé, "Kí ni mo fún ọ jẹ?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, Màmá. Ẹ fi tiyín kún un fún mi torí oyún."

Kò ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ láàrin irin fèrèsé, ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀. Mo gbà á, mo padà sórí ọ̀kadà.

Bí a ṣe ń sún mọ́ òtẹ́ẹ̀lì, n kò gbọ́ orin mọ́. Mo ní ó ti parí. Oyún kò jẹ́ kí n tètè sọ̀kalẹ̀. Ọlọ́kadà ló gba ẹ̀rọ náà, ó sáré wọlé.

Àwọn olórin ń fi aṣọ fẹ́ Àǹtí, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ó fín in, ó tún fín in. Ó pẹ́ kí àyà rẹ̀ tó rọlẹ̀. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, èmi ló wò: "Ta ló ní kí o gun ọ̀kadà pẹ̀lú oyún?"

Mo lọ sẹ́yìn ògiri, mo bì.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, wọ́n gbé wa lọ sílé láàrin ìlù àti gìtá. Àǹtí kò dùbúlẹ̀; ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń tòògbé. Bí n kò bá ti gbọ́ èémí rẹ̀ dáadáa, n ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, á ní, "Mo ṣì wà, ìyàwó mi, pa iná."