Obìnrin Inú Ìwé Tí Wọ́n Gbé Ìrẹsì Wá Fún

Kò sí ìwé tí mi ò lè kà, kò sì sí èyí tí mi ò lè bá jà. Mo ra ọ̀kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń pàtẹ ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń di olówó. Orí kìíní ní kí n máa jí ní ìdájí, mo gbà. Orí kejì ní kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gba àkókò mi. Mo pa ìwé náà dé. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní ẹbí ní Èkìtì.

Ìwé ìdáná tí ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní kí n po ìyẹ̀fun, kí n wá jẹ́ kí ìyẹ̀fun sinmi. Èmi tí mo pò ó ńkọ́? Ìwé nípa àìsàn, kí n tó kà á dé ìdajì, gbogbo àrùn inú rẹ̀ ni mo ti ní, àfi ti ọkùnrin. Èyí tí wọ́n fi ń wá apànìyàn, kíá ni mo mọ apànìyàn náà: òun nìkan ló ń kí gbogbo èèyàn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọ̀gá kan wà ní ọ́fíìsì wa tó máa ń rẹ́rìn-ín sí mi láràárọ̀. Títí di òní, n kì í bá a dá wọ yàrá tí à ń kó fáìlì sí.

Ìyá mi kò fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀. Tíṣà àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ní Ìgbẹ̀mọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí mo fi mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Òkè-Ìlá, ní Adó níbí. Bíbélì àti ìwé orin nìkan ni wọ́n ń kà; ìyókù, ìwé irọ́ ni wọ́n ń pè é. Ní Ìgbẹ̀mọ, àwọn ni wọ́n ń darí àdúrà ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ní ìjọ wa ní Adó, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó sí, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó ń dùn wọ́n. Ó ń dun èmi náà, torí èmi ni mo mú wọn kúrò níbi tí wọ́n ti jẹ́ èèyàn pàtàkì.

Ní Sátidé kan, mo ń ka ìwé ìtàn kan nípa obìnrin tí oyún máa ń bàjẹ́ lára rẹ̀. Mo sunkún débi pé mo gbàgbé ẹ̀wà sórí iná. Ibi tí mo ti ń ha ìkòkò tó jóná ni ìyá mi ti bá mi, ojú mi pọ́n, wọ́n sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní oyún obìnrin yẹn tún ti bàjẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti kó ẹrù rẹ̀ síta. Mo bú ìyá ọkọ náà dáadáa, ìyá mi sì bá mi bú u. Wọ́n béèrè ibi tí obìnrin náà wà báyìí, mo ní ó ti padà sílé bàbá rẹ̀. Mo rò pé wọ́n mọ̀ pé inú ìwé ló wà. Ta ni mo tún ń sunkún fún nílé yìí bí kì í bá ṣe ará inú ìwé?

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ìyá mi dìde ní ìpàdé àdúrà, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ obìnrin náà kalẹ̀. Àmín gba gbogbo ilé. Wọ́n fa ìyá mi wá síwájú, gbogbo ìjọ sì fi ọjọ́ Ẹtì gbààwẹ̀. Èmi kò mọ èyí. Ohun tí mo rí ni pé ìyá mi ń túra ká, pé fóònù wọn kò sinmi mọ́, àti pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè àlàáfíà obìnrin yẹn. Inú mi dùn pé wọ́n ti fẹ́ràn ìtàn. Mo ń ròyìn fún wọn ní orí-orí, àwọn náà ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Àfi bí ìyá ẹgbẹ́ ìjọ wa ṣe kó àwọn mélòó kan sẹ́yìn wá sílé wa ní ọ̀sán Sátidé. Ọ̀kan nínú wọn ru àpò ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ. Wọ́n ní kò yẹ kí a máa gbàdúrà, kí a sì máa gbààwẹ̀ fún obìnrin yẹn láì kí i. Ìyá mi ti wé gèlè, wọ́n ti gbé ìborùn kọ́ èjìká, wọ́n ní kí n wọ bàtà, kí n fi ọ̀nà hàn.

Bí mo bá sọ òótọ́, ìyá mi á padà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín á sì tẹ̀lé wọn débẹ̀. Mo fẹ́ ní obìnrin náà ti rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ fún ẹni tó ti febi pa ara rẹ̀. Mo wọlé, mo gbé ìwé náà jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, inú ìwé yìí ló ń gbé."

Ìyá mi rọra jókòó, wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀. Àánú wọn ṣe mí gan-an. Ìyá ẹgbẹ́ gba ìwé náà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn.

"Ùwé la gbààwẹ̀ fún?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n wá béèrè bóyá ó ti bímọ. Mo ní mo parí ìwé náà lánàá, kò bímọ. Inú bí wọn. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó kọ ọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, tí irú ààwẹ̀ yẹn kò fi ràn án. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyá mi, mo gbé e mì.

Ìyá tó ru ìrẹsì wá sọ ẹrù náà kalẹ̀, wọn kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

"Ẹ má dá àdúrà ọ̀ún dúró. Ọmọ mi obìnrin ni mo ń ṣe àmín fún ní tèmi. Tirẹ̀ náà bàjẹ́ lóṣù tó kọjá, ọkọ rẹ̀ sì ti lé e wálé. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́. Ìgbà tí màmá yìí dìde, ṣe ló dà bíi pé wọ́n ti mọ̀."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá mi dìde, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n sì di etí kan àpò ìrẹsì náà mú.

"Ó yá, mú wa lọ. Ṣé ulé rẹ jìnnà?"