Òfin Tí Mo Fi Lélẹ̀ Nídìí Àgbọn

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìkìlọ̀ kan wọlé sórí fóònù mi láti inú ẹgbẹ́ àwa òbí kíláàsì ọmọ mi ọkùnrin lórí Wásáàpù. Ohùn obìnrin ni: "Ẹ̀yin òbí, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín o! Ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ ní àmì funfun yẹn, kí wọ́n má bá a lo ife kan náà." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò lè bínú sí i, torí bí èmi náà ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn.

Ìlú Apá là ń gbé nígbà náà, níbi tí òórùn òróró àgbọn kì í ti í kúrò lára aṣọ, kódà kéèyàn fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin márùn-ún ni wá tí à ń bára wa ṣe àárò. Bó bá kan ẹnì kan, àwa yòókù á bá a fọ́ àgbọn, a ó rin ín, a ó fi ọwọ́ fún oje rẹ̀, a ó sì gbé e kaná títí òróró yóò fi léfòó. Ìyá Wolé-wolé ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé mo máa ń yẹ èékánná gbogbo wọn wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń na ọwọ́.

Ọ̀kan nínú wa, obìnrin Ègùn kan tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé ojú títì, ni awọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di funfun: ìka méjì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀yìn ọwọ́, lẹ́yìn náà ètè. Kò dùn ún, kò yún un. Ṣùgbọ́n mo ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo fa àwọn mẹ́ta yòókù sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi òfin lélẹ̀: kó máa fọ́ àgbọn, kó máa koná, ṣùgbọ́n kó má ti ọwọ́ bọ inú oje mọ́. Nígbà tí mo sọ fún un, kò bèèrè ìdí. Ó gbé àpótí rẹ̀ lọ sídìí iná, ó ní, "Èéfín kúkú ò sọ pé òun ò fẹ́ mi." Àwa mẹ́rin yòókù ń fún oje lọ.

Kí oṣù márùn-ún tó pé, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà Agbálátà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ń kọjá lọ. Ó sọ fún wa pé bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀ ní ìparí oṣù, òun á fi iṣẹ́ òróró sílẹ̀, òun á lọ bá ẹ̀gbọ́n òun ní Sèmè lẹ́nu ibodè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo yà sídìí iná láìròtẹ́lẹ̀, tí mo bá ọmọbìnrin mi lórí itan obìnrin náà. Ó ń fi ọwọ́ funfun yẹn bọ́ ọ ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àgbọn, èyí tó máa ń pupa nídìí ìkòkò, tó sì máa ń dùn bíi súìtì. Mo lọgun.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti ní kí wọ́n lọ máa jókòó sídìí iná ni, Màámi. Ibẹ̀ ni ìkòkò wà."

Mo gbé ọmọ sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn. Mo ní kí nọ́ọ̀sì yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, títí kan àárín ìka ẹsẹ̀. Ó fara balẹ̀ wò ó. "Màmá, kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ yín, àfi pé ó ti ń sanra." Nígbà tí mo sọ bí ọwọ́ funfun yẹn ṣe rí fún un, ó ṣàlàyé pé àwọ̀ ló ń kúrò lára obìnrin náà, kì í ràn, ì báà jẹ́ nípa ọwọ́, ì báà jẹ́ nípa oúnjẹ.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin Ègùn náà, ó bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí mi. Orí mi ti gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró mi. "Mú un jàre," ó ní, "ọmọ rẹ ti jẹ tìrẹ mọ́ tiẹ̀." Ẹ̀rín ló bá mi mú un. Mi ò ní purọ́, mo dé ilé, mo fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì tó fún mi jẹ, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà kẹta, mo gbàgbé.

Nígbà tí àárò kàn mí, mo gbé abọ́ oje ńlá síwájú rẹ̀.

"Ṣebí ìwọ lo ní kó má fọwọ́ kàn án?" ọ̀kan nínú àwọn yòókù bi mí.

"Èmi ni. Mo ṣì í."

Obìnrin Ègùn náà na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Ìgbà náà ni mo rántí pé láti oṣù márùn-ún, tirẹ̀ nìkan ni mi ò yẹ̀ wò mọ́. Mo yẹ èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Lọ fọ àtàǹpàkò yìí." Ariwo ẹ̀rín tó sọ, adìẹ sá kúrò lágbàlá.

Lọ́jọ́ ọjà, mo jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, mo ń sọ fún ẹni tó bá yà kọjá pé òróró yìí ni mo fi ń para fún ọmọ mi. Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà, ṣùgbọ́n àwọn tó padà tó láti mú kó dúró. Ó ṣì wà ní Apá títí dòní. Èmi náà ṣì ń bẹ̀rù nítorí àwọn ọmọ mi, mi ò sì rí i bí ẹ̀ṣẹ̀. Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ni pé mo sọ ẹ̀rù di òfin kí n tó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, àwọn mìíràn sì gbà á lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, títí kan ìyá tó fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá ti fi irú òfin bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bèèrè. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ṣì í, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ tú u, ní gbangba, lójú gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.